Ogun Ìjàyè Lẹ́nu Ẹni Méjì: Bí A Ṣe Tún Ètò Àwọn Olùyọ̀ǹda Ilẹ̀ Ogun Tò

Nígbà tí oṣù Kẹta ń parí lọ, tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àwọn olùyọ̀ǹda tó jẹ́ ọmọ Ìjàyè Orílé, tí wọ́n ń bá àwọn ará Ìbàdàn tọ́jú ilẹ̀ ogun Ìjàyè, kò yọjú síbi iṣẹ́ mọ́. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, wọn kò sì ránṣẹ́. Sátidé tí wọ́n máa ń yẹ ọ̀nà pé, àwọn tó ti Ìbàdàn lọ dúró lábẹ́ igi títí oòrùn fi mú, wọ́n sì padà sílé láìfi àdá kan ewéko. Ilé-ìwé kan ní ìgboro ti dá ọjọ́ tí wọn yóò kó àwọn ọmọ wá wo ilẹ̀ ogun náà lẹ́yìn ìsinmi Àjíǹde. Koríko sì ti ga dé orúnkún lójú ọ̀nà.

Ìgbà yẹn ni wọ́n pè mí pé kí n wá bá wọn ṣe alákòóso. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ní ìgboro, níbi tí a ti ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé gun Láyípo, ilé gogoro tó wà ní Òkè Àrẹ̀mọ, tí a sì ń mú wọn yí Gbọ̀ngàn Mápó ká. Ṣùgbọ́n ilé àti òkúta ni Láyípo àti Mápó. Ilẹ̀ tí ènìyàn kú sí yàtọ̀. Mo kọ àkọsílẹ̀ yìí fún àwọn tó ń darí olùyọ̀ǹda níbikíbi tí ogun ti jà rí ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ohun tó ṣe wá yìí lè ṣe àwọn náà.

Ìjàyè Orílé kò jìnnà. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Òjòó, tó gba Mọ́níyà, tó kọrí sí ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, yóò débẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ni. Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ kò tóbi. Ìdajì wọn máa ń ti Ìbàdàn lọ: akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì àti ti Pólì, àgùnbánirọ̀, àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Ìdajì kejì jẹ́ ará Ìjàyè, àgbẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ti Ìbàdàn ló ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀. Àwọn ti Ìjàyè ló ń yẹ ọ̀nà, tí wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n mọ ibi tí odi ìlú àtijọ́ gbà kọjá àti ibi tí ejò ń fara pamọ́ sí. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ yìí ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ó tó lè yéni, a ní láti padà sí ọ̀rọ̀ ogun náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ìyá ni Ìbàdàn àti Ìjàyè. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni méjèèjì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun ń lé ènìyàn wá sí gúúsù, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ àti àwọn tó bá wọn rìn ló wá fi ibẹ̀ ṣe ibùdó, láti nǹkan bí 1829 lọ. Aláàfin Àtìbà fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ó ní kí Ìbàdàn máa ṣọ́ apá àríwá àti ìlà-oòrùn, kí Ìjàyè máa ṣọ́ apá ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n ti bá ara wọn jà ní nǹkan bí 1844, wọ́n sì ti parí ìyẹn. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Bàbtíìsì tó ti Amẹ́ríkà wá, tó gbé Ìjàyè ní àwọn ọdún 1850, fojú díwọ̀n àwọn ará ìlú náà sí nǹkan bí 35,000. Ìlú ńlá ni, kì í ṣe abúlé tí a kàn gbé ẹsẹ̀ lé.

Àtìbà wàjà ní 1859. Àṣà Ọ̀yọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọba, bá bàbá rẹ̀ kú. Àtìbà ti bá àwọn olóyè sọ ọ́ kó tó wàjà pé kí Adélù, Àrẹ̀mọ òun, jọba lẹ́yìn òun. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí kọ̀. Ó ní òun kò ní forí balẹ̀ fún ẹni tó yẹ kó ti bá bàbá rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ogún obìnrin olówó kan, Abu ará Ìjánná, tó kú tí kò fi àrólé sílẹ̀, ló wá bu iná sí i. Ní 1860 ogun bẹ́. Balógun Ìbíkúnlé ló kó ogun Ìbàdàn jáde, Ògúnmọ́lá tó jẹ́ Ọ̀tún Balógun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbá wá gbèjà Ìjàyè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìbàdàn kì í sọ ni pé ebi ṣe Ìjàyè ju bí ìbọn ti ṣe é lọ. Òkè Ògùn ni oúnjẹ ti ń wọlé fún wọn. Ògúnmọ́lá kó ogun lọ ba ìlú Ìwàwún jẹ́, ọ̀nà oúnjẹ sì dí. Kúrunmí kú ní oṣù Kẹfà 1861. Ìlú fọ́ ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, 1862. Àwọn míṣọ́nnárì Bàbtíìsì ti ṣa àwọn ọmọ tí kò lẹ́nì kan mọ́ jọ, wọ́n sì kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ àgbà sá gba ọ̀nà kan náà. Àwọn tí ọwọ́ bà di ẹrú ní Ìbàdàn. Ìjàyè wá di ahoro títí àwọn kan fi padà wá tún un dó nígbà tí ilẹ̀ rọ̀. Àwọn ọmọ wọn ló ń bá wa yẹ ọ̀nà lónìí.

Kí n tó dé, àwọn tó ń ṣètò ti ro ọ̀rọ̀ náà sí owó, ohun tó sì mú wọn rò ó bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn lọ ń gba owó ọkọ̀. Ará Ìjàyè kò gba kọ́bọ̀, wọ́n ní ilé rẹ̀ nìyẹn. Àdá ilé rẹ̀ ló ń gbé wá, òun fúnra rẹ̀ ló ń pọ́n ọn, òun náà ló sì ń fi iṣẹ́ oko rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n bá fi owó sínú àpò ìwé, wọ́n fi rán akẹ́kọ̀ọ́ kan sí bàbá tó máa ń ṣáájú àwọn ará Ìjàyè. Bàbá kò tilẹ̀ ṣí i. Ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn, mo dúpẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ra bírò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé."

Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún mi, mo mọ̀ pé ọ̀ràn náà kọjá owó. Àgbà tó bá dá owó padà tọpẹ́tọpẹ́, ọkàn rẹ̀ ló gbọgbẹ́.

Mo lọ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. N kò kó èrò lẹ́yìn, n kò sì mú ìwé dání. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá wa yẹ ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ yà kí, ìyá tó ń yan gàrí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Òo, káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lẹ dé?"

"Àlàáfíà ni, Màmá. Àwọn ọmọ yín ò wá mọ́. Ta ló ṣẹ̀ wọ́n?"

Ó ń ro gàrí inú agbada lọ. Nígbà tó yá ó ní, "Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n sá. Wọ́n ti sá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyá náà wá tú palẹ̀ fún mi. Ní oṣù Kejì, wọ́n kó ọmọ ilé-ìwé kan wá. Ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń ṣe atọ́nà, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì, ọmọ Ìbàdàn gidi, tí ohùn rẹ̀ dùn, kó wọn dé ibi tí àwọn ará ìlú gbà pé ibojì àwọn bàbá wọn wà. Ó dúró níbẹ̀, ó gbé oríkì nílẹ̀: Ìbàdàn, ọmọ ajòrosùn, ọmọ ajegbín-yó-fìkarahun-fọ́rí-mu. Àwọn ọmọ gbè é. Títí dé ibẹ̀ ará Ìjàyè kò bínú. Àwọn náà mọ oríkì Ìbàdàn, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì pé kí wọ́n ṣe ogun Ìjàyè. Ó ní kí apá kan jẹ́ Ìbàdàn. Àwọn ọmọ kéékèèké tó jẹ́ ọmọ ìlú náà ti wá ń wòran, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Ìjàyè, ẹ bọ́ sí apá ibí yìí. Tí mo bá ti ka ẹẹ́ta, kí ẹ máa sá." Àwọn tó jẹ́ Ìbàdàn sá tẹ̀lé wọn, wọ́n mú wọn, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù dè wọ́n lọ́wọ́ bí ẹrú. Ọmọdébìnrin kan bú sẹ́kún. Ọmọ-ọmọ bàbá tó ń pọnmi ni. Bàbá wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi wà léjìká rẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tú ríbọ́ọ̀nù náà, ó fa ọmọ náà lọ́wọ́, wọ́n lọ sílé.

Mo padà sí Ìbàdàn, mo ṣí rẹ́jísítà ọjọ́ náà. Orúkọ wà níbẹ̀, àsìkò tí wọ́n dé wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ìrìn náà dára púpọ̀, inú àwọn ọmọ dùn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé orí WhatsApp ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ ní kí a lé ọ̀dọ́kùnrin náà. N kò gbà. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé gáréèjì ní àárọ̀. Òun ló ń gbé àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Kò sí ẹni tó lè mú ọgọ́ta ọmọ dákẹ́ bíi tirẹ̀. Mo ní kó wá pàdé mi ní Òjòó, a jókòó nídìí ìyá tó ń ta ọ̀gì, mo bi í léèrè.

Ó ní, "Àǹtí, ohun tí wọ́n kọ fún mi ni mo sọ. Eré yẹn, tíṣà wọn ló ní kí n wá nǹkan tí yóò dá àwọn ọmọ lára yá."

"Ṣé ẹnì kan sọ fún ọ pé ibojì wà níbẹ̀?"

"Rárá, Àǹtí. Mo ti débẹ̀ tó báyìí, kò sí ẹni tó sọ ọ́."

Ó fi ìwé tí wọ́n fún un hàn mí, ojú ìwé méjì tí wọ́n kọ ní Ìbàdàn. Orúkọ Ìbíkúnlé wà níbẹ̀, ti Ògúnmọ́lá wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ìlú fọ́ wà níbẹ̀. Kò sí ebi níbẹ̀. Kò sí Abẹ́òkúta. Kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nípa ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ náà lónìí. Ẹni tó mọ ilẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò mọ ilẹ̀. Ètò ló pín wọn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwà ọmọ náà. Lílé e kò lè tún un ṣe, nítorí ẹni tí a bá fi rọ́pò rẹ̀ yóò gba ìwé kan náà.

A tọ àwọn àgbà Ìjàyè lọ, èmi, ọ̀dọ́kùnrin náà, àti bàbá kan tó fi iṣẹ́ tíṣà fẹ̀yìntì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà. Mo ti ní kí Màmá alágàrí bá wa sọ fún wọn ṣáájú, kí ó má dà bí ẹni pé a já lù wọ́n. Bí a ti wọlé ni ọ̀dọ́kùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀. Wọn kò ní kó dìde kíákíá. Bàbá tó ń pọnmi wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí, ó wá ní, "Dìde, ọmọ mi. Ohùn rẹ dára. Ta ló kọ́ ọ ní oríkì?"

"Ìyá mi àgbà ni, Bàbá."

"Wọ́n kọ́ ọ dáadáa."

Ìtùnú ńlá ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ fún mi, nítorí ó jẹ́ kí a mọ̀ pé wọn kò kórìíra ọmọ náà. A tọrọ gááfárà. N kò fi àlàyé lé e, Bàbá Tíṣà náà kò fi lé e. Ẹni tó bá lọ tọrọ gááfárà, tó tún ń ṣàlàyé, ń gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò ni. Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí a máa sọ. Mo ti ń retí pé wọn yóò ní kí a má dárúkọ ìṣẹ́gun Ìbàdàn mọ́. Bàbá ní, "A ò ní kí ẹ má sọ ọ́. Ìbàdàn ṣẹ́gun, òótọ́ ni. Ẹ sọ ebi náà."

Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá igi kan tí wọ́n fi hàn wá, nítorí ibojì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní kí a má mú ọmọ ṣeré ogun mọ́ láéláé. Àgbà obìnrin kan tó wà láàárín wọn, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, wá ní ohun tó yí gbogbo ètò padà: "Kí ọ̀kan nínú wa máa bá yín sọ ọ́."

Nígbà tí a ń bọ̀ nínú ọkọ̀, inú Bàbá Tíṣà kò dùn. Ó gbà pé eré yẹn kò dára, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù pé a ó wá máa kó àwọn ọmọ Ìbàdàn lọ tọrọ gááfárà nítorí pé bàbá wọn borí. "Ìbíkúnlé kì í ṣe ìkà," ó ní. "Kúrunmí ló kọ̀ fún Aláàfin." Mo jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. Ohun tí Ìbàdàn ń sọ ni pé a ti jùmọ̀ gbà fún Àtìbà, Kúrunmí ló yẹ̀ ẹ́. Ohun tí Ìjàyè ń sọ ni pé Kúrunmí ń gbèjà òfin tí àwọn baba ńlá fi lélẹ̀, pé Àrẹ̀mọ kì í kẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ẹni méjèèjì ló ní ẹsẹ̀ tó dúró lé. N kò rí ìdí tí a ó fi mú ọ̀kan fún ọmọ ọdún mọ́kànlá, kí a sì fi èkejì pamọ́ fún un.

Bàbá Tíṣà fúnra rẹ̀ ló wá mú ohun tó so ìtàn méjèèjì pọ̀ wá. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó pè mí, ó ní kí n má gbàgbé Kúdẹtì. David Hinderer, míṣọ́nnárì, àti ìyàwó rẹ̀ Anna ti ń gbé Kúdẹtì ní Ìbàdàn láti 1853. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà tó lọ sí etí òkun mọ́ Ìbàdàn. Iyọ̀ wọ́n. Àwọn Hinderer ń ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n tó rí owó ẹyọ fi ra oúnjẹ, wọ́n sì ní àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ lọ́dọ̀. Ìpọ́njú dé Ìbàdàn náà, bí kò tilẹ̀ tó ti Ìjàyè. Bàbá Tíṣà ní, "Tí a bá fẹ́ sọ ebi, kí a sọ ọ́ láti odi méjèèjì." Láti ọjọ́ náà ni ó ti di agbátẹrù ètò tuntun yìí ju gbogbo wa lọ.

A wá tún gbogbo nǹkan tò. Ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀kan láti Ìbàdàn, ọ̀kan láti Ìjàyè, wọ́n sì jọ ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi kò gbà kí ará Ìjàyè kàn wá sọ tirẹ̀ níbì kan kí ó sì padà sídìí omi. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọn kò bá ti fẹnu kò, kí wọ́n sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ pé àwọn kò fẹnu kò. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti rìn ín pọ̀ láìsí èrò kí ọjọ́ tó pé. Ìwé ojú ìwé méjì yẹn, a sọ ọ́ nù. Èyí tuntun, ìlú méjèèjì ló kọ ọ́, àwọn àgbà Ìjàyè sì ní kí a kà á sókè fún àwọn kí a tó lò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá wa dúró láti tún ọ̀rọ̀ ṣe, ìdí wọn sì dára nígbà méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣòro mọ́ nígbà tí ọ̀wọ̀ ti padà. A pa owó ọkọ̀ rẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó ọkọ̀. Gbogbo olùyọ̀ǹda, níbikíbi tó ti wá, ń gba iye kan náà ní ọjọ́ iṣẹ́; ti Ìbàdàn ń fi wọkọ̀, ti Ìjàyè ń fi dí ọjọ́ tó fi oko sílẹ̀. Wọ́n gbà á. A ra àdá, fáìlì tí a fi ń pọ́n ọn, àti bàtà róbà, ilé Màmá alágàrí sì ni ẹrù ń sùn sí, kì í ṣe Ìbàdàn. Kò sí ẹni tó ń wọ igbó pẹ̀lú sílípáàsì mọ́. Ọkọ̀ tó bá kó àwọn ọmọ wá gbọ́dọ̀ dúró títí wọn yóò fi lọ, nítorí ejò. A kọ́ gbogbo olùyọ̀ǹda pé ẹni tí ejò bá ṣán, kí wọ́n má sín in ní gbẹ́rẹ́, kí wọ́n má fi okùn dì í pinpin, kí wọ́n má jẹ́ kó rìn, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní kíákíá.

Ohun mìíràn tí mo fi ọwọ́ líle mú ni ìṣa nǹkan. Ẹni tó bá ń yẹ ọ̀nà ní ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rí àpáàdì, yóò rí irin, nígbà mìíràn yóò rí ohun tó dà bí ọta ìbọn. Ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ máa ń yá láti mú un, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ ibi tí wọ́n ti rí i. Nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tó ń wú ilẹ̀ wá nǹkan tà yóò ti débẹ̀. Òfin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ti wà láti 1979, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti wú ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìní ìwé àṣẹ. Olùyọ̀ǹda wa tó bá rí nǹkan, kí ó fi í síbi tó wà, kí ó fi ọ̀pá sàmì sí i, kí ó pe alákòóso. Iṣẹ́ tiwa ni kí a ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tó wà ní Alẹ́ṣinlọ́yẹ àti sí àwọn onímọ̀ ohun àtijọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àgùnbánirọ̀ kan bínú sí mi nítorí pé mo ní kó pa fọ́tò kan rẹ́. Ó pa á rẹ́.

Kàlẹ́ńdà ló fún mi ní wàhálà jù. Àwọn tó ṣètò tẹ́lẹ̀ ti gbé ìyẹ̀nà sí oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ìgbà tí àgbẹ̀ kò lè gbé ọwọ́ kúrò lóko, tí wọ́n ń gbin àgbàdo, tí wọ́n ń kọ ebè. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ nígbà ìdánwò, ó sì ń lọ sílé nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ọdún kan ni àgùnbánirọ̀ ní, lẹ́yìn náà ó di èrò ọ̀nà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì nìkan ló ní àyè, orúnkún rẹ̀ kò sì gba ọ̀nà jíjìn. Mo to ọdún náà sórí pátákó, mo kọ ìgbà tí ọwọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dí, mo sì wo ibi tó ṣófo. Iṣẹ́ àdá tó wúwo wá bọ́ sí ìparí oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá, kí ìgbà tí iná ń jó igbó tó dé. Àwọn ilé-ìwé wá bọ́ sí oṣù Kejì àti oṣù Karùn-ún. Láàárín ìyẹn, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ní Ìjàyè ló ń fi àdá tọ́jú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Àgùnbánirọ̀ tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa gbọ́dọ̀ wá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tó dé Ìbàdàn, kí a tó rí i lò kó tó lọ.

Ilé-ìwé tó fẹ́ wá lẹ́yìn Àjíǹde ń kọ́? Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sún un sí oṣù Karùn-ún. Bàbá tó ń pọnmi àti ọ̀dọ́kùnrin náà ló jọ mú wọn rìn. Ọ̀rọ̀ Bàbá gùn. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀, àwọn kan ń sùn. Ọ̀dọ́kùnrin náà fi ọgbọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó pín píọ́ wọ́tà, ó sì dá a padà fún un. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀rọ̀ Ìwàwún, Bàbá ṣàlàyé bí ọ̀nà oúnjẹ ṣe dí, ọ̀dọ́kùnrin sì sọ bí iyọ̀ ṣe wọ́n ní Ìbàdàn ní àsìkò kan náà. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní ta ló jẹ̀bi. Ọ̀dọ́kùnrin ní Kúrunmí ló kọ̀ láti gba ọba tí gbogbo ènìyàn gbà. Bàbá ní Àtìbà ló yí àṣà padà. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n dákẹ́. Tíṣà ilé-ìwé náà fẹ́ dá sí i, mo ṣẹ́jú sí i pé kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn láàárín ara wọn títí wọ́n fi dé ìdí ọkọ̀. N kò tíì rí ọmọ ilé-ìwé tó jiyàn báyìí ní Láyípo rí.

Oríkì kò kúrò. A kàn gbé e kúrò níbi ibojì ni, a gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ki Ìbàdàn, àgbà obìnrin tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wa sì ki Kúrunmí. Ó ki í tó bẹ́ẹ̀ tí dírẹ́bà fi sọ̀ kalẹ̀ wá na owó fún un.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ Ìjàyè tó lọ ní oṣù Kẹta kò padà. Wọ́n ti ríṣẹ́ sí Mọ́níyà, n kò sì mọ̀ bóyá wọn ìbá dúró ká ní ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣẹlẹ̀. Ilé-ìwé aládàáni kan pè wá pé àwọn gbọ́ pé a máa ń mú ọmọ ṣeré ogun, pé ìyẹn gan-an ni àwọn fẹ́. Mo ní a kì í ṣe é mọ́. Wọn kò wá. Owó tí wọn ìbá san ìbá ra bàtà fún ènìyàn mẹ́fà, ẹnì kan sì bi mí léèrè nínú ìpàdé bóyá a kò lè fọwọ́ rọ́ ọ, kí a ṣe eré náà ní ọgbà ilé-ìwé wọn ní Ìbàdàn, níbi tí ará Ìjàyè kò ní rí i. Mo sọ fún un pé Ìbàdàn kún fún ọmọ Ìjàyè. Àwọn tí wọ́n mú wá sí ìlú yìí ní 1862 bí ọmọ, ọmọ wọn bí ọmọ, agboolé wọn sì ni agboolé wa.

Rẹ́jísítà ti ní àyè tuntun báyìí. Lẹ́yìn orúkọ àti àsìkò, a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti Ìjàyè wá ohun tó gbọ́ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lọ́jọ́ náà, a sì ń béèrè bákan náà lọ́wọ́ ẹni tó ti Ìbàdàn wá. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, ẹlòmíràn ń bá a kọ ọ́. Mo máa ń kà á kí n tó sùn ní ọjọ́ náà gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti ka ohun tó wà nílẹ̀ báyìí. Ìyá kan tó bá ọmọ rẹ̀ wá ní òun jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí a sọ, Ìbàdàn àti Ìjàyè nìkan ni, bẹ́ẹ̀ Ẹ̀gbá jà nínú ogun náà, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ọmọ tí ebi ń pa sì sá lọ. Bàbá Tíṣà ní ẹni mẹ́ta ti pọ̀ jù, àwọn ọmọ kò ní lè gbọ́ ọ tán. Àwọn àgbà Ìjàyè ní kí a lọ mú ẹnì kan wá láti Abẹ́òkúta, kí ó sọ bí wọ́n ṣe gba àwọn ọmọ náà. A ó jọ jókòó lé e lórí ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí a bá lọ yẹ ọ̀nà.